Àpótí Wo Ni Ó Yẹ Wúfà Ọkọ̀ Mi?

Nígbà tí mo ra wúfà oní-ínṣì 12, ìyẹn sípíkà tí ń gbé ìró báàsì jáde, àpótí tí n ó gbé e sí ni ó gbà mí ní àròjinlẹ̀ jù. Àpótí tí a dí pa kì í gba àyè púpọ̀ nínú búùtù, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ a sì máa ṣe bíi sípíríǹgì tí ń dá awọ wúfà padà sí àyè rẹ̀, tí ìró ìlù kò fi ní máa fà nílẹ̀. Àpótí oníhò máa ń tóbi jù ú lọ, ariwo rẹ̀ a sì pọ̀ jù bí agbára iná tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ìró báàsì bá ti jinlẹ̀ ju èyí tí a wọn ihò náà fún, kò sí ohun tí ń di awọ náà mú mọ́, ó sì lè bàjẹ́.

Oníhò ni mo kọ́kọ́ lò. Káfíńtà gé ọ̀nà ihò náà kúrú jù, nítorí náà gìtá báàsì àti ìlù ńlá dàpọ̀ di ariwo gbùù kan ṣoṣo, nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Èmi tí mo fẹ́ràn jùjú kò lè fara mọ́ ọn. Mo ní kí ó fi pákó MDF (pákó tí a fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) oní-mìlímítà 18 ṣe àpótí tí a dí pa, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ìpàdé pákó náà.