Wíwá àwọn gálásì tó wà lẹ́yìn Milky Way: ibi tí iṣẹ́ dé

Gálásì Maffei 1 àti Maffei 2, tí eruku Milky Way, ìyẹn gálásì tiwa, bò, ti hàn ketekete nínú àwòrán Ks (ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú kò lè rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi máíkírómítà 2.2). Ó ku yíyọ àwọn ìràwọ̀ iwájú wọn kúrò, ibẹ̀ gan-an sì niṣẹ́ wà.

Àwọn méjèèjì la kọ́kọ́ fi ń dán ọ̀nà yìí wò, torí a ti mọ ohun tó yẹ ká rí. Paolo Maffei ló rí wọn ní 1967 lórí àwo fọ́tò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ infrared, nínú Cassiopeia. Wọn ò jìnnà tó dígírì kan sí ìlà àárín gálásì tiwa, eruku ibẹ̀ sì nípọn: nínú ìmọ́lẹ̀ Maffei 1 tí ojú lè rí, bí ìdá kan nínú 70 ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní máíkírómítà 2.2, ó tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Àmọ́ àwọn ìràwọ̀ tí eruku bò náà á yọjú, wọ́n á sì kún ojú àwòrán bámúbámú.

Àwòrán 2MASS, ìwádìí tó ya gbogbo ojú ọ̀run ní infrared, la lò, ní oríṣi ìmọ́lẹ̀ infrared mẹ́ta, J, H àti Ks, píksẹ́lì kan sí arcsecond kan (ìdá kan nínú 3,600 ti dígírì kan). A so wọ́n pọ̀ di 3,600 × 3,600, ìyẹn dígírì kan níbùú àti lóròó. Ẹ kọ́kọ́ mú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run inú gbogbo wọn dọ́gba, pàápàá ti H, torí afẹ́fẹ́ òkè máa ń tàn níbẹ̀ lọ́nà tó ń yí padà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìsopọ̀ á jọ gálásì tó ṣókùnkùn.

Ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ ni BACK_SIZE nínú SExtractor, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ohun tó wà nínú àwòrán; BACK_SIZE ni ìwọ̀n àpótí, ní píksẹ́lì, tó fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run. Ní 64, ètò náà ka ara Maffei 1 mọ́ ojú ọ̀run, ó sì yọ ọ́ dànù, nítorí gálásì náà fẹ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ dáadáa. 512 ló tún un ṣe.

Fún yíyọ ìràwọ̀, DAOPHOT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, nílò PSF, ìyẹn ìrísí tí ìràwọ̀ kan ṣoṣo ń ní nínú àwòrán. Ìràwọ̀ 40 tó dá dúró, tí ìmọ́lẹ̀ wọn kò pọ̀ jù fún kámẹ́rà, ló yẹ kí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ má ṣe mú èyíkéyìí tó wà lórí ara gálásì. Tí ètò bá ka àárín gálásì sí ìràwọ̀, ihò tó ní òrùka yíká ló máa ṣẹ́ kù.

Ìràwọ̀ méjì tó fara kanra ló ń tan ni jẹ jù. Lẹ́yìn yíyọ, tiwọn á pòórá pátápátá, àmọ́ gálásì á fi ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ sílẹ̀ yíká. Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, torí eruku ń mú ìràwọ̀ náà pọ́n.

Ìkùukùu gáàsì tó wà nínú gálásì tiwa náà lè jọ gálásì. Ìgbì rédíò háídírójìn, 21 cm, ló ń parí ìyẹn, torí eruku kì í dí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí gálásì Dwingeloo 1 ní 1994.

Àwòrán VVV, ìwádìí tó ya àárín Milky Way ní infrared, láti awò awọ̀nàjíjìn VISTA ní Chile ló kàn, píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ arcsecond 0.34. A máa kọ́ PSF tuntun fún un.