Ẹ̀rọ ìrìn VR, ọjọ́ kẹsàn-án

Lálẹ́ òní ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ gbàgbé pé orí ẹ̀rọ lòun wà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára. Inú igbó kan ni mo wà nínú awò VR (awò tí a ń dé sójú, tó ń fi ayé géèmù hàn bíi pé inú rẹ̀ gan-an lèèyàn wà), ọ̀nà tóóró, òkè níwájú, mo sì ń lọ láìro ti ẹsẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ tí mo ti to ẹ̀rọ yìí sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ ni mo ti ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: gbé ọ̀tún, tì í síwájú, jẹ́ kó yọ̀ padà, ó yá, òsì.

Àwọn tó bá wá wò ó máa ń rò pé ilẹ̀ rẹ̀ ló ń yí, bíi ti ẹ̀rọ ìsáré tí gbogbo wa mọ̀. Rárá. Tèmi ò ní ẹ́ńjìnnì lábẹ́. Ńṣe ló rí bí abọ́ ńlá tí inú rẹ̀ jìn díẹ̀, tó ń dán. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ ni mo ń wọ̀, bẹ́líìtì gbá mi mọ́ ìbàdí, irin kan sì mú un látẹ̀yìn. Bí mo bá tẹ etí abọ́ náà, ẹsẹ̀ á yọ̀ padà sáàárín. Sẹ́ńsọ̀ ara bàtà á ka ìṣísẹ̀, géèmù á sì gbé mi síwájú. Èmi ni mo ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. (Ní England láyé àtijọ́, lẹ́yìn tí William Cubitt ṣe ẹ̀rọ àtẹ̀gùn tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ lọ́dún 1818, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n máa ń fi jẹ níyà. Èmi fowó ara mi ra tèmi.)

Ọdún 2013 ni mo ti ń retí nǹkan yìí, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Virtuix ti Texas kó owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là jọ lórí Kickstarter, ìkànnì tí aráàlú ti ń dáwó fún ohun tí wọn ò tíì ṣe tán, fún Omni, ẹ̀rọ ìrìn VR wọn. Mo ní tó bá pẹ́ jù, ọdún méjì. Ọdún 2024 ni Omni One tí wọ́n dìídì ṣe fún ilé wá ń dé ọwọ́ èèyàn. Oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni Disney fi HoloTile hàn, ilẹ̀ tí ó fúnra rẹ̀ ń dá ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ padà sáàárín, láìsí bẹ́líìtì, tí ó sì gba ju èèyàn kan lọ. Mo wo fídíò yẹn títí.

Torí bẹ́líìtì ni ìjà mi. Bí o ò bá fara tì í, ẹsẹ̀ ò ní yọ̀. Bí o bá fara tì í, ọkàn rẹ á máa sọ fún ọ pé o fẹ́ ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi di irin mú.

Mo ti rò pé fífi ẹsẹ̀ rìn máa wo òòyì tí awò VR máa ń dá síni lára sàn. Ó dín in kù, kò wò ó. Ojú ní a ti sáré dé òkè, inú etí ní a ò kúrò lójú kan, ikùn ló sì ń jẹ ìyà ìjà àwọn méjèèjì. Fáànù tí mo gbé síwájú ń ràn mí lọ́wọ́: atẹ́gùn rẹ̀ ló ń fi ibi tí iwájú wà hàn mí.

Dídúró ló ṣì burú. Létí ọ̀gbun kan lónìí, ẹsẹ̀ mi ti dúró, géèmù fi ìdajì ìṣísẹ̀ lé e. Igbe tí mo ké! Ọmọ mi sáré wọlé.

"Dádì, kí ló ṣe yín?"

"Ọ̀gbun ni. Mo fẹ́ já sí i."

Kò fèsì. Ẹ̀rín ló bú sí, ó ní, "Ẹ ò mà kúrò níbi tẹ́ ẹ wà."

Nígbà tí mo bọ́ awò, ògiri ló wà níwájú mi. Ǹ bá búra pé ilẹ̀kùn ni, nítorí mo ti yí kọjá fáànù láìmọ̀. Fóòmù awò náà tutù rinrin fún òógùn. Mo bọ́ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ọ̀tún, mo tì í síwájú, mo sì ń retí kí ó yọ̀ padà. Kò yọ̀. Ọmọ náà ló di apá mi mú.