Tẹ́ ẹ bá lárùn ọkàn, ẹ má dá ra oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí

Ẹ̀yin ìyá tọ́kàn yín ò dá bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mì, ẹ bi wọ́n bóyá estrogen wà nínú ẹ̀, ìyẹn èròjà homonu obìnrin tó lè mú kẹ́jẹ̀ dì.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, ẹsẹ̀ mi wú, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjókòó ni mo ń sùn. Wọ́n ní wàhálà ọmọ tuntun ni. Ìgbà tí wọ́n ṣe echo, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, EF mi, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde bó bá lù lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 28 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀yin náà mọ bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń rí lára èèyàn. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ lóyún mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ nǹkan tí mo máa lò. Ni mo bá gba kẹ́míìsì lọ ra oògùn oníhóró. (Ẹ má sọ pé mi ò ka páálí ẹ̀. Mo kà á, lẹ́tà ibẹ̀ ò ju èèrà lọ.)

Oṣù kejì, ẹsẹ̀ òsì ń ro mí, ó wú ju ọ̀tún lọ, mo rò pé wíwú àtijọ́ ló padà. Àfi lóru ọjọ́ kan tí àyà mi há gádígádí, mi ò lè mí, ohùn ò jáde tí mo fi lè pe ọkọ mi tó sùn tì mí, ọwọ́ ni mo fi ń lu bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ń ké, mi ò lè nawọ́ sí i. Ọkọ mi ń wakọ̀, ó ń sunkún, mo ń wò ó pé ṣé bí mo ṣe máa fi wọ́n sílẹ̀ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ló dì lẹ́sẹ̀ mi tó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà bi wá nǹkan tí mò ń lò, ọkọ mi fa páálí yọ, estrogen wà nínú ẹ̀, dókítà kàn dákẹ́.

Wọ́n tọ́jú mi, ara ti ń yá. Implant, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ kéèyàn má bàa lóyún, ni wọ́n fi sí mi lápá, ti ọdún 3, kò ní estrogen. Kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ò wù wọ́n fún mi torí nǹkan oṣù lè pọ̀ sí i, mo sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì.

Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún yín pé ẹ lárùn ọkàn, kódà bí ò bá béèrè. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, torí àwọn kan máa ń ba iṣẹ́ implant jẹ́. Bẹ́sẹ̀ kan bá wú ju ìkejì, ẹ sáré lọ sọ́síbítù, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn oníhóró báyìí, gbé sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ bá dókítà ọkàn ẹ lónìí, béèrè estrogen, kí wọ́n fún ẹ ní nǹkan míì kó o tó kúrò níbẹ̀, torí oyún náà ò dáa fún wa.