Ẹ Kọ Ọ́ fún Ìlànà, Ẹ Má Kọ Ọ́ fún Chrome Nìkan: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí CSS

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì, ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ojú ewé yìí dára lórí kọ̀ǹpútà mi, kí ló dé tó fi dàrú lórí fóònù oníbàárà?" Ìdí rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń bá pàdé jù ni pé Chrome orí kọ̀ǹpútà yín lẹ kọ ọ́ fún. Ẹ kọ, ẹ wò ó, ẹ tún un ṣe títí ó fi tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí Chrome gbà láàyè lẹ mọ̀ nígbà náà, ẹ kò tíì mọ ohun tí ìlànà CSS, èdè tí a fi ń sọ bí ojú ewé yóò ṣe rí, sọ. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ìlànà náà ti pẹ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 1994 ni Håkon Wium Lie, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN nígbà náà, gbé àbá CSS jáde. Bert Bos dara pọ̀ mọ́ ọn, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 1996, W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìkànnì, fọwọ́ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti fi í sínú rẹ̀ pé ẹni tó kọ ojú ewé lè sọ bó ṣe fẹ́ kó rí, ẹni tó ń kà á náà sì lè sọ tirẹ̀: kó mú kí lẹ́tà tóbi sí i, kó yí àwọ̀ padà. Kò sígbà kan tí wọ́n ṣèlérí pé ojú ewé kan yóò rí bákan náà gẹ́lẹ́ níbi gbogbo. Ẹni tó bá ń lé ìyẹn, asán ló ń lé. Ohun tó yẹ kí a máa lé ni pé kí ọ̀rọ̀ ṣeé kà, kí bọ́tìnì ṣeé tẹ̀, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ lórí ìlànà kan náà. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni ti fífẹ̀ àpótí. Bí ẹ bá ní kí káfíńtà ṣe fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ṣé férémù wà lára ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ni, àbí ìta rẹ̀ ló wà? CSS ní ìta ló wà. Bí ẹ bá kọ `width: 300px`, tí ẹ fi padding (àyè inú àpótí) 20px sí ọ̀tún àti òsì, tí ìlà etí sì jẹ́ 5px lọ́tùn-ún àti lósì, gbogbo rẹ̀ yóò gba 350px. Internet Explorer 5 orí Windows ní inú ló wà: 300px náà ni àpótí yóò gbà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni yóò fún pọ̀ sí 250px. Ẹ wo ìyàtọ̀ 50px lórí àpótí kan ṣoṣo. Bí àpótí mẹ́ta bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tó wọlé géérégé nínú aṣàwákiri kan, ìkẹta rẹ̀ á já sísàlẹ̀ nínú èkejì.

Nígbà tí Internet Explorer 6 dé ní 2001, ó tẹ̀lé ìlànà, àmọ́ kìkì bí doctype, ìlà tó ń sọ irú HTML tí a fi kọ ojú ewé, bá wà lókè rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti wà nínú Internet Explorer 5 ti Macintosh láti ọdún 2000: ojú ewé tí kò ní doctype, aṣàwákiri á kà á sí ti àtijọ́, á sì fi ìṣe àtijọ́ bá a lò. Ẹ má rò pé ìtàn lásán ni mò ń sọ. Microsoft ti pa Internet Explorer tì ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, síbẹ̀ bí `<!DOCTYPE html>` kò bá sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé yín lónìí, Chrome, Firefox àti Safari á padà sí ìṣe àtijọ́ tiwọn. Ọ̀kan lára àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú tábìlì kò ní gba ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹ fún `body`. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá pè mí sí ojú ewé tó ń ṣe ségesège.

Ó tọ́ kí n sọ èyí náà: ìṣirò Internet Explorer 5 rọrùn ju ti ìlànà lọ. Ìdí nìyẹn tí `box-sizing: border-box` fi wọ inú CSS nígbà tó yá, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kọ ọ́ sókè gbogbo fáìlì CSS tí a bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé èrò Microsoft burú. Ohun tó da gbogbo rẹ̀ rú ni pé aṣàwákiri méjì ń ṣe ìṣirò méjì lórí àṣẹ kan. Lójú tèmi, àjọgbà ni agbára ìlànà. Èyí tí kò dára tó, tí gbogbo wọn gbà, sàn fún wa ju èyí tó dára tí ẹyọ kan ń dá lò.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí fóònù dé. Àwọn aṣàwákiri ń fi àmì tiwọn ṣíwájú ohun tó ṣì wà lórí ìdánwò: `-webkit-` fún Safari àti Chrome, `-moz-` fún Firefox, `-o-` fún Opera. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ ìkànnì wá ń kọ `-webkit-` nìkan, torí pé iPhone ló gbayì. Ó burú débi pé ní 2012 Opera kéde pé òun náà yóò máa gba `-webkit-`, Firefox sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016, nítorí ojú ewé ń bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń lò wọ́n lọ́wọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára CSS: `-webkit-line-clamp` ni à ń kọ títí dòní, kódà fún Firefox. Bí ẹ bá ní láti lo àmì bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí Autoprefixer, irinṣẹ́ tó ń fi irú àmì yìí sí CSS fúnra rẹ̀, bá yín fi sí i, kí èyí tí kò ní àmì sì máa gbẹ̀yìn.

Wàyí o, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó dára jù nínú CSS. Aṣàwákiri tó bá rí àṣẹ tí kò yé e, á fò ó, á sì máa bá ìyókù lọ. JavaScript, èdè tó ń mú kí ojú ewé ṣe nǹkan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì kan tó ṣì níbẹ̀ lè mú kí odindi fáìlì má ṣiṣẹ́. Fífò yìí ni irinṣẹ́ yín. Ẹ wo èyí:

```
.iwaju {
  height: 100vh;
  height: 100dvh;
}
```

Lórí fóònù, `100vh` máa ń ka àyè tí ọ̀pá àdírẹ́sì bò mọ́ ọn, bọ́tìnì ìsàlẹ̀ á sì sá pamọ́. `dvh` tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwọn aṣàwákiri ní 2022 ló tún un ṣe. Fóònù àtijọ́ á gba ìlà àkọ́kọ́, á fo ìkejì. Tuntun á ka méjèèjì, èyí tó gbẹ̀yìn ni yóò sì lò. Kò sí JavaScript, kò sí pé à ń béèrè orúkọ aṣàwákiri kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa béèrè orúkọ. Ẹ máa béèrè ohun tó lè ṣe. `@supports`, àṣẹ CSS tó ń béèrè bóyá aṣàwákiri mọ nǹkan kan, wà fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n fífò yìí ní ibi tó ti lè gbé yín ṣubú. Bí ẹ bá fi kọ́mà to àwọn tí ẹ ń yàn (selector) pọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn kò bá yé aṣàwákiri, gbogbo òfin náà ni yóò fò, kì í ṣe ẹyọ kan yẹn. Ẹ ya àjèjì sọ́tọ̀. Bákan náà, `@supports` lè sọ òótọ́ tí kò ràn yín lọ́wọ́. iPhone 6 kò kọjá iOS 12. Safari orí rẹ̀ mọ `gap` (àyè àárín àwọn nǹkan) nínú grid, kò mọ̀ ọ́n nínú flexbox (ọ̀nà méjì tí CSS fi ń to nǹkan ni grid àti flexbox), torí ẹ̀dà 14.1 ní 2021 ló kọ́kọ́ mú ìyẹn wá. Tí ẹ bá bi í pé `@supports (gap: 1px)`, á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn bọ́tìnì yín á sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ fi margin (àyè ìta àpótí) sí i bí irú fóònù bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé yín. Ó sì wà lọ́wọ́ wọn: ẹ wo iye iPhone tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ikeja.

Lórí ọ̀rọ̀ iPhone náà, kí ẹ má tan ara yín. Chrome tó wà lórí rẹ̀, WebKit ti Safari, ìyẹn ẹ̀rọ inú aṣàwákiri tó ń to ojú ewé, ló wà nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè inú European Union ni Apple ti kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ mìíràn láàyè, pẹ̀lú iOS 17.4 ní 2024. Ẹni tó bá fi Safari àti Chrome dán ìkànnì wò lórí iPhone kan, ẹ̀rọ aṣàwákiri kan ṣoṣo ló dán wò.

Opera Mini ńkọ́? Ó ṣì wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn wa torí pé dátà wọ́n. Bó bá wà ní ipò tó ń fún dátà pọ̀ jù, sáfà Opera (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn) ló ń to ojú ewé yín, tó ń fún un pọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Kò ní fi igun róbótó sí àpótí yín, kò ní gbé fọ́ǹtì yín wọlé, grid kò yé e, JavaScript á ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí sáfà, á sì dúró. Ẹ kọ HTML yín, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ètò ojú ewé, kó ṣeé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi CSS kankan sí i, ẹni tó ń lo Opera Mini á rí ohun tó wá wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an ni èdè wa, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ti ọ jẹ́ U+1ECD, ti ṣ jẹ́ U+1E63. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà la ó kọ, àmì ohùn á tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì ni yóò sì gbé àmì náà lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe ètò yìí sí, àmì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí lẹ́tà kan kò bá sí nínú fọ́ǹtì rárá, aṣàwákiri á lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn, ẹ á sì rí lẹ́tà ẹ tó sanra láàárín àwọn tó tínrín. Google Fonts pín fọ́ǹtì rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀nà: ṣ wà ní ìpín latin-ext, ẹ, ọ àti àmì ohùn wà ní ìpín ti Vietnam, nítorí èdè wọn náà ń lò wọ́n. Ẹni tó bá gbé ìpín latin nìkan sórí sáfà ara rẹ̀ ti já Yorùbá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyè. `line-height: 1` pẹ̀lú `overflow: hidden` á gé orí Ọ̀, á sì gé àmì abẹ́ ṣ. Ìlà abẹ́ línkì máa ń gba orí àmì abẹ́ lẹ́tà kọjá, tàbí kí aṣàwákiri gé ìlà náà wẹ́wẹ́ níbi àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi `lang="yo"` sí ojú ewé, kí ẹ sì kọ èyí:

```
:lang(yo) {
  line-height: 1.6;
  text-underline-offset: 0.3em;
}
```

Ẹ fi "Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́" àti "ọ̀ṣọ́" dán gbogbo àkọlé, bọ́tìnì àti línkì wò, lórí Windows, lórí Android àti lórí iPhone, kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wo ìlànà, tí ẹ ka ohun tí MDN (ìkànnì àlàyé Mozilla) sọ, tí ẹ wo caniuse (ìkànnì tó ń sọ aṣàwákiri tó mọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan), tí ó sì dá yín lójú pé aṣàwákiri ló ṣì í, ẹ má kàn wá ọ̀nà ẹ̀bùrú kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ dín ojú ewé náà kù títí yóò fi ku ìlà díẹ̀ tí àléébù náà ṣì hàn nínú rẹ̀. Mozilla ń gba ẹjọ́ Firefox lórí Bugzilla, ti Safari wà ní bugs.webkit.org, ti Chrome wà ní issues.chromium.org. Ẹ kọ irú fóònù, ẹ̀dà aṣàwákiri, ohun tí ìlànà sọ àti ohun tí ẹ rí. Tó bá jẹ́ ti àmì ohùn wa, ẹ fi àwòrán méjì sí i, ọ̀kan bó ṣe rí, ọ̀kan bó ṣe yẹ kó rí, torí ẹni tí yóò tún un ṣe lè má tíì rí ẹ̀ rí.