Òkè Gaya, Níbi Tí Wọ́n Kó Ìwé Pamọ́ Sí

Ẹni tó bá fẹ́ rí tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Gúúsù Kòríà, kó yáa ra bàtà tó nípọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó lórúkọ, orí òkè ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ ìjọba sì wà ńbẹ̀. Nígbà tí ìdílé ọba Joseon gorí ìtẹ́ lọ́dún 1392, ẹ̀kọ́ Confucius, ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà àtijọ́, ni wọ́n gbé lárugẹ. Wọ́n ti ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì pa, ó sì tó àsìkò kan tí mọ́ńkì, ìyẹn àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ olú-ìlú. Àwọn tó wà lórí òkè ló rọ́jú dúró.

Haeinsa, tẹ́ńpìlì kan lórí Òkè Gaya, ni mo yàn nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Manchester. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú Daegu, mo sì bọ́ọ́lẹ̀ kó tó dé òkè, nítorí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó ń bá odò lọ lábẹ́ igi. Àwọn ìyá àgbà ń kọjá lára mi bí ẹni tó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀kan nínú wọn gé kùkúńbà fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi mí sílẹ̀.

Ọdún 802 ni wọ́n dá Haeinsa sílẹ̀, ṣùgbọ́n pákó ló gbé mi débẹ̀. Ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, nígbà tí àwọn Mongol ń gbógun ja ilẹ̀ náà, ńṣe ni àwọn ará Kòríà jókòó tí wọ́n ń gbẹ́ ìwé mímọ́ Búdà sára pákó, tojú tẹ̀yìn, pákó tó lé ní 81,000, kí Búdà lè bá wọn lé ọ̀tá lọ. Ogun dé, ẹ wá ń gbẹ́ igi? Àmọ́ ẹni tó bá ti bá wa ṣe àìsùn lórí òkè àdúrà rí kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Ilé tí wọ́n kó àwọn pákó náà sí ní Haeinsa ló yà mí lẹ́nu jù. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Níwájú, fèrèsé ìsàlẹ̀ tóbi ju tòkè lọ. Lẹ́yìn, tòkè ló tóbi jù. Atẹ́gùn á wọlé, á yí ká, á jáde. Wọ́n po èédú àti iyọ̀ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kó lè máa fa ọ̀rinrin. Iná ńlá jó tẹ́ńpìlì náà lọ́dún 1817, kò kan ilé pákó. Nígbà ogun Kòríà, wọ́n pàṣẹ pé kí ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Kim Young-hwan, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gúúsù Kòríà, kọ̀ jálẹ̀. Títí di ọdún 2021, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, àárín igi fèrèsé lèèyàn ti ń yọjú.

Mo sùn síbẹ̀. Oúnjẹ wọn kò ní ẹran, kò ní àlùbọ́sà, kò ní aáyù: wọ́n ní ó ń ru ìbínú àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sókè. (Ẹ fojú inú wo ọbẹ̀ wa!) Ìlù ńlá jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Mọ́mì mi ti kìlọ̀ lórí fóònù pé mi ò gbọdọ̀ forí balẹ̀ fún ère, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, tí mo ń wò wọ́n: orúnkún, ọwọ́, iwájú orí, kí wọ́n tún dìde, ìgbà 108. Ìdọ̀bálẹ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ẹni tí a kí á sì tún gbàdúrà fún wa.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ mo gun òkè náà dé ṣóńṣó. Ṣóńṣó tó ń jẹ́ Sangwangbong ni wọ́n ti ń pè ní olórí rẹ̀ tipẹ́, mítà 1,430. Chilbulbong tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́ 1,433. Mo gun méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi jiyàn.