Kílò 24 tí mo kó jọ nínú oyún àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ti lọ àńtínétà rí á mọ eré tí àwa aboyún máa ń ṣe ká tó gun ìwọ̀n. Bàtà á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, gèlè á tẹ̀lé e, fóònù á jáde lápò, mo tiẹ̀ ti rí ìyá kan tó yọ yẹtí ẹ̀, yẹtí o! Ṣùgbọ́n nínú oyún àkọ́kọ́ mi, èmi ò bá wọn ṣe irú ẹ̀ rárá, torí inú mi ń dùn sí nọ́ńbà tí mò ń rí ni. Tí nọ́ọ̀sì bá ti pè é, màá yẹjú wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bóyá wọ́n gbọ́.

Kílò 71 ni mí nígbà tí mo lóyún yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kílò 95 ni mí.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá ọkọ mi (Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí, wọ́n fẹ́ràn mi gan-an) ni wọ́n máa ń gbé àwo kejì wá, wọ́n á ní "Ìyàwó wa, jẹun o, èèyàn méjì lo ń jẹun fún báyìí." Tó bá wá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á da mọ́ọ̀tì tútù kan àti mílíìkì alágolo pọ̀ sínú kọ́ọ̀pù ńlá, wọ́n ní ó ń fún aboyún lẹ́jẹ̀, èmi náà á sì gbé e mu tán, ojoojúmọ́, Sunday ò yọ sílẹ̀. Ohun tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ gan-an, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi ní àńtínétà, inú dúrọ́ọ̀ ni mo tò ó sí torí ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ mi le. Ẹ ò rí nǹkan.

Ilé ìwòsàn tí mò ń lọ nígbà yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n kàn ń kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ṣá ni, kò sẹ́ni tó ń kà á. Wọ́n kọ 79, oṣù tó tẹ̀lé e wọ́n kọ 84, wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Ọmọ dé ní kílò 4.3, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Mi ò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á o, àwọn kan wà tó ń fúnra wọn bí ọmọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí aboyún bá sanra kọjá bó ṣe yẹ, ó máa ń jẹ́ kí ọmọ tóbi jù, ó máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ súnmọ́ni. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kílò 84 ni mí. Ọmọ ti jáde, ibi ti jáde, omi ti dà nù, kílò 13 sì wà lára mi tó jẹ́ tèmi nìkan. Ibẹ̀ lojú mi ti là pé kì í ṣe ọmọ ni mò ń bọ́ látọjọ́ yìí.

Oyún kejì, mo pààrọ̀ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀, ohùn wọn le ṣùgbọ́n wọ́n láàánú, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mi ni pé "Kí o tó lóyún yìí, kílò mélòó ni ọ́?" Mo ní mi ò rántí mà. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ò mọ ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀. Wọ́n wá wọ̀n mí, kílò 78, oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n ní a máa lo ìyẹn náà torí kò tíì yí padà púpọ̀. Wọ́n yí káàdì mi sẹ́yìn, wọ́n mú bíírò, wọ́n fi 1.6 pín 78, torí mítà 1.6 ni gíga mi, èyí tó jáde níbẹ̀ wọ́n tún fi 1.6 pín in lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jáde sí 30.5. Wọ́n ní nọ́ńbà yìí ló máa sọ iye tó yẹ kí n fi kún un, kì í ṣe ẹnu ará ilé.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyí: tí tìẹ bá wà láàárín 18.5 sí 25, kílò 11.5 sí 16 ló dáa kó fi kún un títí wàá fi bímọ. Tó bá ti wà láàárín 25 sí 30, ó di 7 sí 11.5. Láti 30 lọ sókè, 5 sí 9 péré. Tí ò bá wá tó 18.5, àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n jẹun dáadáa jù, 12.5 sí 18 ni tiwọn. Ọlọ́mọ kan ṣoṣo nìyẹn o, tẹni tó gbé ìbejì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwa Yorùbá sì rèé, ìbejì ò jìnnà sí wa, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sìkáànù wò ó. Mo bá ṣírò toyún àkọ́kọ́ lórí ìjókòó níbẹ̀, 71 yẹn jáde sí bíi 27.7, ìyẹn ni pé kílò 11.5 ni òpin tèmi, mo wá kó 24!

Wọ́n tún sọ ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí oúnjẹ kankan tí à ń fi kún tẹ̀yìn wá, ìdajì kílò sí kílò méjì ló tó kí ìwọ̀n wa fi lé e. Láti oṣù kẹrin lọ, ohun tí ara ń bèèrè ò ju bí ẹyin sísè kan, búrẹ́dì Agége sìláìsì kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ lóòjọ́, tó bá sún mọ́ ìbí kó fi díẹ̀ lé e. "Èèyàn méjì" tí wọ́n ń wí nìyẹn ṣá.

Èébì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jẹun níbẹ̀rẹ̀ oyún kejì yẹn, mo fi kílò méjì rù, ẹ̀rù bà mí, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń dúró sínú mi, kí n fọkàn balẹ̀, àmọ́ tí n kò bá lè gbé omi mì tàbí ìtọ̀ mi bá pọ́n, kí n má dúró dọjọ́ káàdì. Èébì náà padà lọ. Mo ń jẹ àmàlà mi, ta ló fẹ́ fi àmàlà sílẹ̀ n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n mo dín in sí ìdajì, mo wá jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti gbẹ̀gìrì àti ẹja pọ̀. Ọsàn ni mò ń mu, mi ò fún un sínú kọ́ọ̀pù. Mo máa ń rìn lọ sí jáńṣọ̀n lálẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má febi para mi o, kí n má sì mu tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń jẹ́ kí ikùn relẹ̀, torí aboyún kì í ṣe ẹni tó ń wá bó ṣe máa rù. Mo bímọ ní kílò 86, mẹ́jọ péré ló fi lé e.

Ti ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ le. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé o ò mu mọ́ọ̀tì mọ́? Èmi ò sọ ọ́ fúnra mi, mo ní kí wọ́n sìn mí lọ àńtínétà, nọ́ọ̀sì àgbà ló bá wọn sọ̀rọ̀, ìyá sí ìyá. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú máàrúwá wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní "Òótọ́ ni, nígbà tiwa oko là ń lọ pẹ̀lú oyún, a ó ru igi bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa bí." Ẹja tútù ni wọ́n ń gbé wá lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo aboyún mọ̀. Ìyá kan tí a jọ máa ń jókòó, oyún ẹ̀ ń lọ sí oṣù kẹjọ, ó gun ìwọ̀n, kílò mẹ́ta ló fi ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, a ti ń yìn ín pé ara ẹ̀ ń yọ. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ jìn sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ẹ̀bà, kò padà. Wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, kò délé lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀, òun àti ọmọ wà láàyè. Tí kílò bá fò lójijì báyẹn, omi ni, kì í ṣe ìsanra. Tí ojú tàbí ọwọ́ bá wá wú, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú tàbí tí òkè ikùn ń dun yín, ẹ má sùn mọ́jú kí ẹ tó lọ sílé ìwòsàn.

Àbúrò mi ló kù. Òun tẹ́ẹ́rẹ́, kílò 46, mítà 1.63, ẹ pín in wò, kò tó 18. Ìgbà tó lóyún, èmi tí nǹkan ti ṣe ni mo ń kọ sí i lórí WhatsApp lójoojúmọ́ pé "má jẹ jù o, ṣé o rí mi." Ó gbọ́ tèmi, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Oṣù kẹfà, kílò mẹ́ta ló tíì fi lé e, sìkáànù ní ọmọ kéré. Mo sunkún. Ẹ̀pà, ẹyin, píà, ẹ̀wà, àkàmù tó ki pẹ̀lú mílíìkì, ó ń jẹ ẹ́ láàárín oúnjẹ, nítorí ikùn ò gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ padà jáde ní kílò 2.9. Ó ti tún lóyún báyìí. Ó fi nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, mo kọ ọ́ padà pé kó lọ fi han nọ́ọ̀sì ẹ̀.