Kò Sí Nǹkan Tiwa Níbẹ̀

Sevilla, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ohùn obìnrin yẹn kò kúrò létí mi. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, síbẹ̀ òun náà ni mo ṣì ń gbọ́. "Ó rẹwà o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kò sí nǹkan tiwa níbẹ̀." Yorùbá ketekete, tí ìró Ìjẹ̀bú hàn nínú rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà Sevilla ní Sípéènì, nínú òtútù oṣù kìn-ín-ní. Ó na fóònù rẹ̀ sókè kí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lè rí ilé gogoro náà, ó sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú. Kí n tó yọ íápíìsì létí láti kí i, ìlà ti sún síwájú, òun àtàwọn tó bá a wá ti wọlé.

Kò sí nǹkan tiwa níbẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. Ní báyìí mi ò mọ èwo ni. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá oorun á wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka àkọsílẹ̀ mi bọ̀ mọ ìdí tí mo fi dá wá. Ẹ má bi mí.

Bí ọjọ́ ṣe lọ kò gùn ní sísọ: mo mu kọfí, mo gba áàpù kan tó ń fi ohùn mú èèyàn rìn yí ìlú ká sórí fóònù, mo sì jẹ́ kí ọkùnrin tí mi ò rí ojú rẹ̀ máa darí mi kiri. Fóònù ló mọ ibi tí èèyàn dé. Bí o bá ti súnmọ́ ibi tí wọ́n sàmì sí lórí máàpù, ohùn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá dúró, á dúró dè ọ́. Kò sí amọ̀nà tó ń na agboorùn sókè, kò sí ẹni tó ń kánjú, kò sí ẹni tó ń bi ọ́ pé ibo lo ti wá. Ó bá mi lára mu gan-an lásìkò yìí. Àmọ́ ibi tí wọn ò bá sàmì sí, fóònù kò ní dún. O lè máa tẹ orí egungun baba ńlá ẹnì kan kọjá, gìtá ni wọ́n á máa ta sí ọ létí.

Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ áàpù náà dù ú, ó sọ̀rọ̀ Giralda, ilé gogoro kàtídírà náà, dáadáa. Àwọn Almohad, Mùsùlùmí tó ti Mòrókò wá, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1184. Ó parí ní 1198. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ìrun fún mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà. Nígbà tí àwọn Kristẹni gba Sevilla ní 1248, wọ́n sọ mọ́ṣáláṣí di ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá wọ́n wó o, wọ́n kọ́ kàtídírà sórí ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá ilé gogoro náà sí. Agogo ni wọ́n wá gbé lé e lórí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Kò sí àtẹ̀gùn nínú rẹ̀ títí èèyàn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dókè. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 35 ni wọ́n ṣe yí inú rẹ̀ ká, kí ẹni tó ń lọ pe ìrun lè gun ẹṣin gòkè.

Mo ń gùn ún, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì rántí Bàbá àgbà ní Ìsẹ́yìn. Ládàánì ni wọ́n títí wọ́n fi kú. Wọn ò ní ilé gogoro kankan. Orí òkúta kan níwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni wọ́n ti ń pè é, ní ìdájí, pẹ̀lú ohùn tí ọjọ́ orí ti ń fà ya. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé: Àǹtí, wọ́n pe ìrun níbí o. Iṣẹ́ Bàbá àgbà mi ni wọ́n ń ṣe níbí.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ní lọ́kàn. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni àtẹ̀gùn tó yí kàtídírà ká, èyí tí wọ́n ń pè ní Gradas. Òpó òkúta dúró yíká etí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n irin tó nípọn so ọ̀kan mọ́ èkejì, ó sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Mo dúró ti ọ̀kan pẹ́. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti ń bà á ń dán, òkúta ti jẹ wọnú lábẹ́ irin tó di ẹ̀wọ̀n mú, ìpẹtà pupa sì ti ṣàn wálẹ̀ lára òpó náà débi orúnkún mi. Ọmọdékùnrin kan jókòó lórí ẹ̀wọ̀n, ó ń fi í fì, ìyá rẹ̀ ń ya á ní fọ́tò. Ohùn etí mi ní àwọn oníṣòwò ló ń nájà níbẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn ará Genoa, àwọn ará Flanders. Pé bí òjò bá dé, wọ́n á kó ẹrù wọnú ṣọ́ọ̀ṣì. Pé ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà fi ta ẹ̀wọ̀n yí ilé wọn ká, tí wọ́n sì kọ́ Lonja, ilé ìnájà, fún àwọn oníṣòwò lódìkejì. Ó ka ọjà tí wọ́n ń tà: fàdákà, sílíkì, ata, awọ ẹran. Gìtá dún. Ó ní kí n yà sápá òsì.

Mi ò yà. Wọ́n ta èèyàn lórí àtẹ̀gùn yẹn. Gbànjo ni wọ́n fi wọ́n ṣe, akéde á máa kígbe iye tí wọ́n ń pè é. Nínú ìkànìyàn ọdún 1565, ẹrú 6,327 ló wà nínú èèyàn 85,538 tó ń gbé Sevilla. Kì í ṣe aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lójú ogun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó ní etíkun Guinea pọ̀ láàárín wọn, Lisbon ni wọ́n sì ń mú ọ̀pọ̀ wọn gbà dé ibí. Mo dá ohùn náà padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́. Fàdákà, sílíkì, ata, awọ ẹran.

Ta ni kí n wá bínú sí? Obìnrin yẹn? Ohun tí wọ́n fi hàn án ló rí. Bóyá ohùn kan náà ló wà létí òun pẹ̀lú.

Ni mo bá kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là fún mi, mo kọrí sí San Roque, lẹ́yìn ibi tí odi ìlú wà nígbà náà. Ohùn náà ń sọ ọ́ léraléra pé mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, kí n padà. Mo pa á.

Àdúgbò náà yàtọ̀ sí inú ìlú. Ilé oògùn, ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́, aṣọ tí wọ́n sá sí bákónì. Igi ọsàn wà lọ́nà gbogbo, ọsàn gànyìn-gànyìn, ó pọ́n dẹ́dẹ́, ó ń já bọ́, ẹnikẹ́ni ò ṣà á. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí Ìlú Ọba fi ṣe máàmàléèdì tí mo ń fi sí búrẹ́dì láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé London. Mo bó ọ̀kan, mo tọ́ ọ wò, ó kan dé gbòǹgbò eyín. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ lónìí nìyẹn, ó sì ṣe mí láǹfààní.

Òpópónà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Conde Negro, ìyẹn Ìjòyè Dúdú. Ó kúrú, ó tóóró, ẹni tí kò wá a kò ní rí i. Juan de Valladolid ni wọ́n fi sọ: aláwọ̀ dúdú tí Isabel àti Fernando, ayaba àti ọba Castilla, fi jẹ olórí àti onídàájọ́ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Sevilla ní 1475, àti ẹrú àti ẹni òmìnira. Iṣẹ́ baálẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé fún un. Òun ló ń parí ìjà, òun ló ń mójú tó ìgbéyàwó wọn àti àríyá wọn. Mo dúró lábẹ́ orúkọ náà, mo kà á sókè, ọkùnrin kan tó ń fa ajá kọjá wò mí, ó kí mi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Capilla de los Ángeles, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìnlá ń parí lọ, Gonzalo de Mena, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú yìí, dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣàìsàn tàbí tó darúgbó, tí ọ̀gá wọn ti lé síta. Ẹ rò ó wò. Wọ́n lo agbára rẹ títí ó fi tán, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kó o máa lọ. Láti inú ilé yẹn ni ẹgbẹ́ ìjọ tí wọ́n ń pè ní Los Negritos, ìyẹn Àwọn Dúdú Kékeré, ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ṣì wà dòní, ó ti lé ní 600 ọdún. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí owó tán lọ́wọ́ wọn, àwọn kan nínú wọn tó ti gba òmìnira fi ara wọn ṣe ìwọ̀fà kí ẹgbẹ́ lè rí owó ṣe àjọ̀dún Màríà. Ẹni tó mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ nílé wa á mọ ohun tí ìyẹn ná wọn. Mi ò mọ ohun tí mo gbà gbọ́ tó mo lè fi ara mi dógò fún. Mo ti ń ro ó láti ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo wọlé. Mo jókòó níwájú ère Kírísítì tí Andrés de Ocampo gbẹ́ ní 1622. Ìyá àgbà kan tó ń to àbẹ́là bi mí bóyá mo fẹ́ mọ̀ nípa ilé náà. Spanish tí mo gbọ́ kò pọ̀, àmọ́ ó tó. Òyìnbó ni ìyá náà. Ó ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ làwọn máa ń gbé ère jáde, kí n padà wá. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, "àwa" ló ń wí. Àwa Negritos. Bàbá òun, bàbá bàbá òun. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń tán nínú ẹgbẹ́ náà, tí àwọn aláwọ̀ funfun àdúgbò sì gbé e.

Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn tún gbé ojú mìíràn kò mí. Bóyá òótọ́ ló sọ. Onílé ti kú tán, ilé wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ló ń wí pé àwa. Mo gbìyànjú láti bínú sí ìyá yẹn, ìbínú kò wá. Ó fọwọ́ nu ekuru kúrò lórí tábìlì kí n tó gbé báàgì mi lé e. Wọn ò yí orúkọ padà. Wọn ì bá ti yí i padà.

Ká tiẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí, ṣé àwa la wà lórí àtẹ̀gùn yẹn? Ará Senegal, ará Guinea, ará Kóńgò ni púpọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ fọ́ ni wọ́n kó tiwa lọ sí Kúbà lọ́pọ̀ yanturu, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sevilla sì ti fi olórí òwò òkun sílẹ̀ fún Cádiz láti 1717. Àmọ́ irú ẹgbẹ́ yìí ni àwọn ará Sípéènì mú kọjá òkun, òun ló di cabildo, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Havana, inú cabildo sì ni àwọn Lùkùmí, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Kúbà, ti ń lu bàtá, tí wọ́n ń bọ Ṣàngó lẹ́yìn Santa Bárbara. Tí kò bá sí ilé àwọn arúgbó tí wọ́n lé síta yẹn, ṣé... Ọ̀rọ̀ náà jìn, orí mi ti ń wúwo.

Posí Columbus wà nínú kàtídírà, mi ò tíì sọ ìyẹn. Ère akéde ọba mẹ́rin ló gbé e léjìká, ti Castilla, León, Aragón àti Navarra. Havana ni wọ́n ti gbé e wá, lẹ́yìn tí Kúbà bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898. Ohùn etí mi pẹ́ níbẹ̀ gan-an, ó sọ bí wọ́n ṣe gbé egungun ọkùnrin kan ṣoṣo kọjá òkun. Mo yọ íápíìsì, mo jáde síta lọ gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ igi ọsàn.

Àbúrò mi pè níṣẹ̀ẹ́ṣẹ̀, ó bi mí pé Sevilla ńkọ́. Mo ní ó rẹwà. Ó dúró, ó ń retí kí n sọ èyí tó kù, mo sì bi í nípa ilé ìwé àwọn ọmọ.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka èèyàn mọ́ ọjà tí wọ́n kà ní Gradas, kí wọ́n sì fa ọ̀nà wọn dé Conde Negro. Ó jìnnà díẹ̀, ẹsẹ̀ á gbà á. Ọ̀la mo fẹ́ wọ Archivo de Indias, ibi tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ Sípéènì nípa ilẹ̀ òkè òkun wọn pa mọ́ sí, inú Lonja yẹn náà ni, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti lo oògùn mi. Màá pè ọ́ láàárọ̀ kí n tó jáde.